Ọ̀rọ̀-Ìṣe Alásomọ́ ti Èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú Ọ̀rọ̀ Owó: Kí Gan-an Ni A Ń Túmọ̀?

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá èdè-ìperí fún èdè Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ àná. Nígbà tí apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, àti nígbà tí apá kejì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ó hàn gbangba pé èdè wa lè gbé ẹrù ìmọ̀ bí a bá fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí yóò kan sáárá sí àwọn tí ó ṣe wọ́n. Síbẹ̀, àṣà kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ láti ìgbà náà wá: ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n máa ń sáré dá. Bí ìmọ̀ tuntun bá dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni pé kí ni orúkọ rẹ̀; ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó béèrè pé kí ni ó ń ṣe. Nínú ìmọ̀ ewéko, àṣà yìí lè má pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ọ̀rọ̀ owó, ó lè sọ ènìyàn di onígbèsè.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí kò lọ́jú pọ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ ìwé àdéhùn owó, ibi tí àdéhùn náà gan-an fara pamọ́ sí ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ó máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ bí 'off', 'down', 'over', 'back' àti 'up'. Bí a bá ń túmọ̀ wọn bí ẹni pé ọ̀nà ni wọ́n ń júwe, a ó máa parọ́ fún àwọn tí ń ka ìtumọ̀ wa. Èdè Yorùbá ní ohun èlò tí ó tó láti fi sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kàkà kí olùtúmọ̀ lo ohun èlò náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ìkejì fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ̀ pé 'san' ni 'pay'. Bí a bá so 'back' mọ́ ọn, ó di kí a dá owó tí a gbà padà fún ẹni tí ó ni ín. Bí a bá so 'in' mọ́ ọn, ó di kí a san owó sí àkáǹtì. Bí ó bá jẹ́ 'out' ni, ó di kí ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ san owó fún àwọn tí ó tọ́ sí. 'Pay up' ni a ń sọ fún ẹni tí ó ti ń fònídónìí, fọ̀ladọ́la, tí wọ́n wá ká mọ́lé pé kí ó mú owó wá. 'Pay off' ni kí a san gbèsè títí kò fi ku kọ́bọ̀. 'Pay down' ni kí a san lára rẹ̀ kí ó lè dín kù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni, ìtumọ̀ mẹ́fà ni, ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ ni ó sì ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Logan Pearsall Smith ni ó tẹ orúkọ 'phrasal verb' jáde fún irú àwọn wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀ Words and Idioms ní ọdún 1925, ó sì sọ pé Henry Bradley, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford, ni ó dábàá orúkọ náà fún òun. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe alásomọ́ ni n ó máa pè wọ́n, n ó sì máa pe ọ̀rọ̀ kékeré náà ní àsomọ́. N kò fẹ́ kí a pè é ní àfòmọ́, nítorí pé àfòmọ́ kì í dá dúró, bẹ́ẹ̀ 'off' àti 'down' ń dá dúró níbòmíràn. N kò sì fẹ́ kí a pè é ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn, nítorí pé nínú 'pay it off', kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan tí ó ń tọ́kùn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé àjèjì ni irú ìhun yìí jẹ́ sí Yorùbá, kí ó wo ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa dáadáa. Awóbùlúyì ti ṣàlàyé nínú Essentials of Yoruba Grammar, tí ó jáde ní ọdún 1978, pé a ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó máa ń là sí méjì, tí àbọ̀ wọn yóò sì bọ́ sí àárín. A ń sọ pé 'ó ba iṣẹ́ náà jẹ́'. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé 'ó bàjẹ́ iṣẹ́ náà'. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú kò ní sọ pé 'pay off it'. 'Pay it off' ni yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ owó wa ṣe rí: kó owó jọ, dá owó padà, ya owó sọ́tọ̀, yọ owó kúrò, san owó sílẹ̀. Bóyá kí a pe apá kejì ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni, tàbí kí a pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe kejì nínú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, àríyànjiyàn yẹn kò ní parí lónìí, kò sì dí wa lọ́wọ́.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú wọn ni 'fi'. Gẹ̀ẹ́sì ní 'put', àwa ní 'fi', kò sì sí èyí tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì títí a ó fi gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e. 'Put money by' tàbí 'put money away' ni kí a fi owó pamọ́. 'Put money down' lórí ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ ni kí a fi owó sílẹ̀ kí ọlọ́jà má baà tà á fún ẹlòmíràn. Àsansílẹ̀ ni irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá 'put up' ilé rẹ̀ nítorí owó tí ó fẹ́ yá ti fi ilé náà dógò. Ẹni tí ó bá 'put money in' sínú òwò ti fi owó sí i, ó ti dókòwò. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi kankan nínú gbogbo èyí tí a ti wá ọ̀rọ̀ fún 'up' tàbí fún 'down'. Ilé tí a fi dógò kò gòkè. Orí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó wà títí tí olówó yóò fi wá gbẹ́sẹ̀ lé e. 'Pamọ́', 'sílẹ̀' àti 'dógò' ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí 'by', 'down' àti 'up' ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó náà, tàbí sí ohun ìní náà, lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá fi àwọn gbólóhùn wọ̀nyí hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò lóye 'put' ju ẹni tí a kó ojú ewé ogún nínú ìwé atúmọ̀-èdè fún.

Fún 'pay up', a kò nílò láti rìn jìnnà. Ó pẹ́ tí a ti ń sìn onígbèsè lówó ní ilẹ̀ yìí. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń gbé ọjà àwìn káàkiri ìlú, ni a sọ ní òṣómàáló, nítorí ohun tí wọ́n ń wí lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n lówó: ní ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Samuel Johnson pẹ̀lú, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ṣàpèjúwe bí olówó ṣe ń rán ẹni tí yóò lọ dógò ti onígbèsè, tí onítọ̀hún yóò wọ agbo ilé lọ, tí yóò sì di ìyọlẹ́nu fún tọmọdé tàgbà títí owó yóò fi jáde. Èdè tí ó ní irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tòṣì nínú ọ̀rọ̀ gbèsè.

Wàhálà dé nígbà tí olùtúmọ̀ bá gbà pé ọ̀nà ni àsomọ́ ń júwe. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé onígbèsè kan 'falls behind' nínú owó tí ó yẹ kí ó máa san lóṣooṣù, kò sọ pé ó ṣubú sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣubú sẹ́yìn ni a ń sáré gbé dìde, tí a ń bi léèrè bóyá egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Ohun tí ó ṣe ẹni tiwa yìí ni pé ó ti jẹ owó oṣù kan tàbí méjì, 'jẹ' náà sì tó. A ń lò ó fún owó ilé, a ń lò ó fún owó iṣẹ́: wọ́n jẹ wá ní owó oṣù mẹ́ta, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní yé. 'Take out' tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá 'take out' owó ní báǹkì ti gba owó jáde nínú èyí tí ó fi pamọ́. Ẹni tí ó bá 'take out a loan' ti yá owó. Èkíní dín ohun tí ènìyàn ní kù, èkejì fi kún ohun tí ó jẹ. Bí olùtúmọ̀ bá wá kọ 'mú owó jáde' fún méjèèjì, àgbẹ̀ tí ń ka ìwé náà kò ní mọ̀ bóyá owó ara òun ni òun ń gbà ni, tàbí owó onówó. Ní ti 'save up', kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí ẹni tí yóò sọ pé òun ń gba owó là.

Àwọn mìíràn wà tí kò yẹ kí ó gbà wá ní àkókò. 'Dip into' ni kí a bù lára owó tí a fi pamọ́, 'bù' sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. 'Chip in' ni kí a dá owó. 'Cut back' ni kí a máa ṣọ́ owó ná, 'splash out' sì ni kí a ná ìnákúnàá ọjọ́ kan. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú wọn ni 'cough up', tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú kí ènìyàn húkọ́ owó jáde. Àwa a máa ní kí ẹni tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ pọ̀ ọ́ jáde. Àwòrán tiwa ni ó dọ́gba: ẹni tí ó jẹ ni ó ń pọ̀, kò sì sí ẹni tí ikọ́ rẹ̀ ń mú ohun tí kò jẹ wá.

N ó dúró díẹ̀ lórí 'pay off' àti 'pay down', nítorí pé ibí yìí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa jù. Ká sọ pé ẹnì kan yá ₦200,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 3 lórí 100 náírà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦6,000. Bí ó bá ń san ₦6,000 yìí lóṣooṣù fún odindi ọdún kan, ó ti san ₦72,000, síbẹ̀ ₦200,000 náà wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní òun ń san gbèsè, òtítọ́ ni ó sì sọ ní etí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì 'pay down' ohunkóhun, áḿbọ̀sì kí ó 'pay off'. Ìwé ìtumọ̀ tí ó bá kọ 'san gbèsè' fún èlé sísan, fún 'pay down' àti fún 'pay off' ti pa ìyàtọ̀ mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹyọ kan, owó olùkà ni yóò sì fi kọ́gbọ́n. Ohun tí mo dábàá ni pé kí a máa dárúkọ ibi tí owó náà bọ́ sí. Ẹni tí ó san ₦6,000 san èlé. Ẹni tí ó san ju èlé lọ san lára ojú owó, nítorí pé 'ojú owó' ni àwọn oníṣòwò wa ti ń pe owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kò ku kọ́bọ̀ lọ́rùn rẹ̀ mọ́ san án tán, ó bọ́ nínú gbèsè. Àsanlára-ojú-owó fún èkejì àti àsantán fún ẹ̀kẹta kò le jù fún ẹnu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìyàtọ̀ láàrin èlé àti ojú owó jẹ́ ọgbọ́n òyìnbó. Àwọn baba wa tí wọ́n fi ọmọ tàbí àbúrò wọn ṣe ìwọ̀fà mọ̀ ọ́n dájú. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín owó tí a yá kù. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ì báà sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí a yá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ó san kí ó tó bọ́. Ìwà ìnilára wà nínú àṣà náà, kò sì sí ẹni tí ó ń fẹ́ kí ó padà wá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti báǹkì.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi gbé kálámù gan-an ni 'write off'. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi ìtumọ̀ òfin ẹgbẹ́ wọn hàn mí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ìgbìmọ̀ lè 'write off' gbèsè tí ó ti pẹ́ jù, Yorùbá sọ pé ìgbìmọ̀ lè 'fi gbèsè náà jì'. Ìtumọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń rán ènìyàn létí ìwàásù ọjọ́ ìsinmi. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í ṣe òótọ́. Nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, 'write off' kì í ṣe ọ̀rọ̀ láàrin olówó àti onígbèsè rárá. Ọ̀rọ̀ láàrin olówó àti ìwé ìṣirò rẹ̀ ni. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí a ń pè ní IFRS 9, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ní kí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá sí ìrètí tí ó bọ́gbọ́n mu mọ́ pé owó náà yóò padà, kí ìwé rẹ̀ má baà máa ka owó tí kò sí mọ́ ọrọ̀. IFRS 7 tí ó jẹ́ ìkejì rẹ̀ tilẹ̀ ní kí ilé iṣẹ́ sọ iye irú gbèsè bẹ́ẹ̀ tí ó ṣì ń lépa láti gbà. Èyí ni pé a ti yọ gbèsè kúrò nínú ìwé, a sì tún ń lé onígbèsè kiri.

Ẹ wá wo ẹni tí ó ka ìtumọ̀ náà. Onígbèsè gbọ́ pé a ti fi gbèsè jì òun, ó dúpẹ́, ó sì lọ yá òmíràn. Onídùúró rẹ̀ gbọ́ pẹ̀lú, ó rò pé ọrùn òun ti bọ́, ó sì fa ìwé àdéhùn ya. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ onídùúró, òfin kò sì ní bi í léèrè ohun tí Yorùbá sọ bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ báǹkì ni, ọ̀nà tún pọ̀ sí i. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní ìlànà kan lẹ́nu iṣẹ́, tí báǹkì fi lè fa gbèsè tí oníbàárà jẹ yọ nínú owó tí ó ní ní báǹkì mìíràn, bí ó bá ti fọwọ́ sí i nígbà tí ó ń yá owó. Nítorí náà, mo ní kí a fi 'fi jì' sílẹ̀ fún ìdáríjì tòótọ́, èyí tí olówó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú onígbèsè sílẹ̀, kí a sì máa pe 'write off' ní yíyọ gbèsè kúrò nínú ìwé. Àwọn kan dábàá 'pa rẹ́'. N kò gbà á, nítorí pé ohun tí a bá pa rẹ́ kò ní àpá mọ́, bẹ́ẹ̀ gbèsè tí a ń wí yìí ní àpá, ó tún ní ẹsẹ̀. Mo sọ èyí fún ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì tún gbólóhùn náà kọ. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn tó o, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe.

Kí a tó máa wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri, ó yẹ kí a wo èyí tí a ń jẹ́ kí ó sọnù. Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ láàrin 'yá' àti 'wín'. Ohun tí a bá yá, ohun náà gan-an ni a ó dá padà: ọkọ́, aṣọ, ìwé, àkàbà. Ohun tí a bá wín, a ó lò ó tán, irú rẹ̀ ni a ó san: iyọ̀, epo, àgbàdo, owó. Òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀ pẹ̀lú, wọ́n pe èkíní ní commodatum, wọ́n pe èkejì ní mutuum, àwọn agbẹjọ́rò sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì títí di òní bí ohun ìjìnlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ kò ní irú ìyàtọ̀ yìí. 'Lend' àti 'borrow' ni ó ní, tí ó ń sọ ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Lónìí, 'yá' ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ 'wín' lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀yáwó sì ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. N kò ní kí a lé ẹ̀yáwó kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko, tí ó sì tún ń fún wọn ní irúgbìn, nílò ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú ìwé rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ni yóò padà, irúgbìn kò sì ní padà bí ó ṣe lọ.

Ohun mìíràn tún wà nínú 'yá' tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. 'Mo yá a lówó' àti 'mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀': ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, èmi kan náà ni olùwà, ṣùgbọ́n nínú èkíní èmi ni olówó, nínú èkejì èmi ni onígbèsè. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó tẹ̀ lé 'yá' ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní ìdí láti fojú kéré ọ̀rọ̀ kékeré inú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ni a tún ń da ara wa láàmú sí. Wọ́n á ní gbogbo ayé ti ń sọ pé 'mo ti pay off', kò sì sí ẹni tí kò yé. Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ, mo gbà pẹ̀lú wọn. Báǹkì, àkáǹtì àti ṣẹ́ẹ̀kì ti di ọmọ ilé, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa wá orúkọ mìíràn fún wọn. Nǹkan tuntun dé, ó mú orúkọ rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá yá ọ̀rọ̀-ìṣe alásomọ́ lódindi, àsomọ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e wọlé bí odi, ẹni tí kò kàwé púpọ̀ yóò máa gbọ́ 'pay' nìkan, ohun tí 'off' tàbí 'down' ń sọ kò sì ní dé etí rẹ̀. Ẹ wo àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n pọ̀ dé ibi pé ní ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìdíje òwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún ìforúkọsílẹ̀ wọn. Obìnrin ọlọ́jà tí ó ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í rí alákọsílẹ̀ tí yóò bi léèrè. Bọ́tìnì ni ó rí, ọ̀rọ̀ méjì sì ni ó wà lára bọ́tìnì.

Nípa bí a ó ti sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohùn ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò: bí ìtẹnumọ́ bá wà lórí 'off', ọ̀rọ̀-ìṣe ni 'pay off', bí ó bá ṣí lọ sórí 'pay', ó di orúkọ. Àwa ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ju ọ̀kan lọ. 'Ì-' máa ń mú àbọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ìṣe náà: ìfowópamọ́, ìkówójọ, ìdáwópadà. 'À-' sábà máa ń sọ ohun tí a ti ṣe tàbí bí a ti ṣe é: àkójọ, àsansílẹ̀, àsantán. Ẹ jẹ́ kí a máa lo ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú èrò, kí ìfowópamọ́ jẹ́ ìṣe tí ènìyàn ń ṣe, kí àfipamọ́ sì jẹ́ owó tí ó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ kan ń pààrọ̀ wọn bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà.

Ó ku 'roll over', tí ó sì le jù nínú wọn, nítorí pé ojú méjì ni ó ní. Bí owó tí mo fi pamọ́ sí báǹkì fún oṣù mẹ́ta bá pé ọjọ́, tí n kò gbà á, tí báǹkì sì tún fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́ta mìíràn, èrè ni ó ń bá mi wá. Bí gbèsè tí mo jẹ bá pé ọjọ́, tí n kò rówó san, tí olówó sì gbà kí ó wọ sáà mìíràn, èlé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gorí èyí tí ó ti wà nílẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú owó tí wọ́n ń gbà fún ìyọ̀ǹda náà fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì ní orúkọ kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ 'yí gbèsè' fún èkejì, ó sì bà mí lẹ́rù, nítorí pé ohun tí ó bá yí ti dànù, ẹni tí ó bá gbọ́ pé gbèsè òun yí lè lọ pa adìẹ. Ìmọ̀ràn mi ni kí a lo 'tún', kí a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e sọ ojú tí ó jẹ́: tún owó fi pamọ́, àtúnfipamọ́, fún èkíní, tún gbèsè dá, àtúndá gbèsè, fún èkejì. N kò fẹ́ 'ìsúnsíwájú' fún gbèsè náà, bí ó tilẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì kan, nítorí pé ó dún bí ẹni pé ọjọ́ nìkan ni ó sún, tí iye owó dúró sí ojú kan. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju àtúndá lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú kí a tó tẹ àkójọ ti ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí n kò ní fara mọ́ ni èyí tí 'yí' bá wà nínú rẹ̀.